Ẹ Fi Àyè Sílẹ̀ fún Àwọn Tí A Kò Tíì Rí

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Nínú ẹ̀dà tó kọjá, mo sọ díẹ̀ nípa ọdún mẹ́rin tí mo fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ní Kigali, olú ìlú Rùwáńdà. Mo sì mẹ́nu ba ibi ìrántí tó wà lórí òkè Gisozi, níbi tí wọ́n sin àwọn Tutsi, ẹ̀yà kan ní Rùwáńdà, tí wọ́n pa nínú ìpẹ̀yàrun ọdún 1994. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Kò kọjá. Títí di àná ni lẹ́tà yín ń wọlé. Mo mú márùn-ún nínú wọn, àwọn tí ìbéèrè wọn ti jẹ́ ìbéèrè tèmi náà kí n tó kúrò ní ìlú yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín nípa Gisozi, ọkàn mi sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè, láìfi ti àrífín ṣe: orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí opó ò rí jẹ, tí ọmọ aláìlóbìí kún ìgboro, ṣé ilé ìrántí ló kàn tí wọ́n á kọ́? Kí ni òkú fẹ́ fi ilé ṣe? (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì)

ÌDÁHÙN: Bàbá, kò sí àrífín nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ènìyàn béèrè ni. Àwa tí a wà lókèèrè máa ń rò pé ńṣe ni ìjọba kan jókòó, tó ní òun fẹ́ ilé tó rẹwà, tó wá pe agbaṣẹ́ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1994 ni pípa náà bẹ̀rẹ̀, ó sì gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé máa ń dárúkọ 800,000. Ìjọba Rùwáńdà ní àwọn tó kú lé ní mílíọ̀nù kan. Àdá àti kùmọ̀ ni wọ́n fi pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, aládùúgbò ló sì ń pa aládùúgbò. Nígbà tó fi máa dáwọ́ dúró ní oṣù keje, kò sí ibi tí òkú ò sí nínú Kigali: nínú ṣálángá, nínú gọ́tà, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ wàràwàrà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹni tó bá forí pamọ́ tó sì padà sílé á bá òkú ẹni tí kò mọ̀ rí nínú ọgbà rẹ̀. Òkú tirẹ̀ sì ń bẹ nínú ọgbà ẹlòmíràn tí kò mọ̀.

Ní 1999, ìgbìmọ̀ ìlú Kigali yọ̀ǹda ilẹ̀ ní Gisozi. Ní 2001, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sin àwọn tí wọ́n ń kó jọ káàkiri ìlú síbẹ̀. Ilé àfihàn ò ṣí títí di oṣù kẹrin 2004, nígbà tí ó pé ọdún mẹ́wàá. Ẹ wo bó ṣe tò, Bàbá: ilẹ̀ ló ṣáájú, sàréè tẹ̀ lé e, ilé ló gbẹ̀yìn. Lónìí, àwọn tó sùn síbẹ̀ lé ní 250,000.

Òkú ò fi ilé ṣe nǹkan kan. Opó ló ń lò ó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo bá ìyá kan lórí pèpéle tí sàréè wà. Ike omi kan àti àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sàréè Gisozi kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Pẹpẹ kọnkéré gbọọrọ ni wọ́n dà bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ pósí, pósí kan sì lè gba eegun ènìyàn púpọ̀. Ìyá náà ń nu etí pẹpẹ àkọ́kọ́. Ó dìde, ó lọ nu etí èkejì, ó tún bọ́ sí ẹ̀kẹta. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó bá mi dé ibẹ̀ kí i, ó sì bi í léèrè. Ó ní òun ò mọ èyí tí àwọn ènìyàn òun wà lábẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi ń nu gbogbo wọn díẹ̀ díẹ̀. Kí wọ́n tó ní Gisozi, ibo ni ìyá yẹn ìbá gbé omi rẹ̀ lọ?

Ní ti oúnjẹ àti owó ilé ìwé, ẹ má rò pé wọ́n fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ní 1998 ni ìjọba ti dá àpò ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní FARG sílẹ̀ fún àwọn tó là á já, fún ilé ìwé, ìlera àti ilé gbígbé. Ṣé ó tó? Kò tó, kò sì sí iye tó lè tó. Ṣùgbọ́n mi ò pàdé ẹnikẹ́ni lára àwọn tó là á já tó sọ fún mi pé kí wọ́n fi òkú òun sílẹ̀ nínú gọ́tà títí ìrẹsì yóò fi pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kẹta ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ yíyàwòrán ilé. Olùkọ́ wa ní kí oníkálùkù ya àwòrán ibi ìrántí ìpẹ̀yàrun fún odindi orílẹ̀-èdè kan. Mo ti ya gogoro kan tó là sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ni ẹ rò sí i? Kí ló sì kù tí ó yẹ kí n yà? (Akẹ́kọ̀ọ́)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, gbé pẹ́ńsù sílẹ̀ ná.

Gogoro tó là sí méjì kò burú. Àwọn ará Armenia ní irú rẹ̀ lórí òkè Tsitsernakaberd ní Yerevan, olú ìlú wọn. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 44, òkúta ńláńlá méjìlá dagun yí iná tí kì í kú ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì kan ènìyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n gbọ́ bí ó ṣe débẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1965, tí ó pé àádọ́ta ọdún tí ìjọba Ottoman, ìyẹn Tọ́kì ayé ìgbà yẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn Armenia, èrò rẹpẹtẹ tú jáde sí ìgboro Yerevan. Abẹ́ ìjọba Sófíẹ́tì ni wọ́n wà nígbà náà, ìyẹn ni pé títú jáde bẹ́ẹ̀ lè mú ẹ̀wọ̀n dání. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ṣọ̀fọ̀ òkú àwọn ní gbangba. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi ìrántí tó dìde, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1967. Àwọn ọlọ́fọ̀ ti béèrè kí ayàwòrán ilé tó fa ìlà kan. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ ni pé: ta ló béèrè gogoro tìrẹ? Ta lo bi léèrè?

Ní Rùwáńdà, àwọn tó là á já ní ẹgbẹ́ tó kó gbogbo ẹgbẹ́ wọn pọ̀, Ibuka, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni "Rántí". Bí mo bá fẹ́ ya ibi ìrántí lónìí, ọ̀dọ̀ irú wọn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, n ó sì jókòó gbọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù kí n tó ra bébà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ibi. Ibi tí wọ́n ti pa ènìyàn yàtọ̀ sí ibi tí a yàn láti sin ènìyàn sí. Ní Ntarama, tó wà ní gúúsù Kigali, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti pa wọ́n ni ibi ìrántí. Níbẹ̀, iṣẹ́ ayàwòrán ilé ni pé kó má ṣe jù: wọ́n gbé òrùlé ńlá kan sókè bo ṣọ́ọ̀ṣì náà kí òjò má bàa wó ògiri bíríkì rẹ̀, ó tán. Ní Bisesero, ní ìwọ̀ oòrùn, òkè ni ibi ìrántí, nítorí orí òkè ni àwọn Tutsi ti fi òkò àti ọ̀kọ̀ gbèjà ara wọn. Ilé kéékèèké mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ́ sí ara òkè náà, fún kómúùnù mẹ́sàn-án, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, tó wà ní ẹkùn Kibuye ayé ìgbà yẹn, o sì gbọ́dọ̀ gun òkè kó o tó rí gbogbo wọn. Gisozi ní tirẹ̀ jẹ́ ibi tí a yàn, fún gbogbo ìlú. Ibẹ̀ ni ayàwòrán ilé ti láǹfààní láti sọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti rọrùn jù fún un láti sọ̀sọkúsọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì mi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ya ọ̀nà tóóró kan, gígùn, tó ṣókùnkùn, tí àlejò máa gbà kọjá kó tó dé inú gbọ̀ngàn. Ó ní òun fẹ́ kí ènìyàn mọ bí ẹ̀rù ṣe ba àwọn tó sá pamọ́. Àwòrán náà dára púpọ̀. Èmi gan-an ti fẹ́ yìn ín. Ọmọbìnrin kan ní ẹ̀yìn kíláàsì gbọ́wọ́ sókè. Ohùn rẹ̀ ò le. Ó ní ìyá òun ò ní lè gba ibẹ̀ kọjá.

Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọkùnrin náà ká bébà rẹ̀. Àlejò tó ti òkèèrè wá, tó fẹ́ mọ bí ẹ̀rù ṣe rí, ni òun ya ilé fún. Kò ya nǹkan kan fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Èdè Kinyarwanda ní ọ̀rọ̀ kan, ihahamuka, fún bí ọkàn ènìyàn ṣe máa ń já padà sínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Lásìkò Kwibuka, ìyẹn ìrántí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 7 oṣù kẹrin lọ́dọọdún, igbe á ta lójijì láàárín èrò, ẹnì kan á ṣubú, àwọn tí wọ́n ti yàn síbẹ̀ á sì gbé e lọ sí ibi tó dákẹ́. Nítorí náà, yà á: ilẹ̀kùn tí ènìyàn mẹ́ta lè gbé ẹnì kan gbà kọjá, yàrá tí ariwo ò dé, omi mímu, àga lábẹ́ igi. Ọ̀nà àbájáde gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ibi tí ènìyàn bá dé, kó má jẹ́ pé àfi kí ó rin gbogbo àfihàn tán kó tó rí afẹ́fẹ́. Ní Gisozi, ọgbà òdòdó yí ilé náà ká, ènìyàn sì lè jáde lọ jókòó síbẹ̀. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nínú ilé ńkọ́? Ohun kéékèèké ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Yàrá kan wà tí fọ́tò kún ògiri rẹ̀, fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò ìwé ẹ̀rí, fọ́tò ọmọ tó wọ aṣọ ilé ìwé, èyí tí àwọn ẹbí fúnra wọn mú wá, tí wọ́n há mọ́ okùn wáyà. Yàrá àwọn ọmọdé sì tún wà. Fọ́tò ńlá, lábẹ́ rẹ̀ pátákó kékeré: ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tó fẹ́ràn láti jẹ, ohun ìṣeré rẹ̀, bí wọ́n ṣe pa á. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, tó fẹ́ di dókítà. Gbólóhùn tó sọ gbẹ̀yìn ni pé UNAMIR, ìyẹn àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, máa wá gba àwọn. Ta ló wá nílò gogoro lẹ́yìn èyí?

Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ sí etí bébà rẹ, kó o má sì pa á rẹ́, nìyí: fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ní 2018, ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ìpẹ̀yàrun náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú òkú jáde ní Kabuga, ní ẹ̀bá Kigali, lábẹ́ ilé tí àwọn ènìyàn ń gbé, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n ń tọ́mọ nínú wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àwọn tí wọ́n sin ní Nyanza, ní agbègbè Kicukiro, lé ní 84,000. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sin wọ́n. Bí ẹni tó ya ibi ìrántí Nyanza bá ti fi òdòdó àti ibi ìgbọ́kọ̀sí kún gbogbo ilẹ̀, ibo ni wọn ì bá gbé wọn sí?

Bákan náà ni Potočari ní Bosnia, tí wọ́n ṣí ní 2003 fún àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin ìlú Srebrenica tí wọ́n pa ní 1995. Iye tí wọ́n kọ sára òkúta níbẹ̀ jẹ́ 8,372. Àwọn apànìyàn ti fi katakata hú òkú kúrò nínú kòtò àkọ́kọ́, wọ́n kó wọn lọ sí kòtò mìíràn, tó fi jẹ́ pé eegun ẹnì kan lè wà ní ibi mẹ́ta. Àyẹ̀wò DNA ni wọ́n fi ń tò wọ́n. Wọ́n á pe ìyá kan, wọ́n á ní a ti rí apá ọmọ yín. Ṣé kí á sin ín báyìí, àbí kí á dúró de ìyókù? Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 11 oṣù keje, wọ́n tún ń sin àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ibi ìrántí kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé rìbọ́ọ̀nù. Bí ìwọ bá yà á parí, o ti tilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan síta.

ÌBÉÈRÈ: Mà, ọmọ mi fi fọ́tò kan hàn mí lórí fóònù, agbárí ènìyàn tí wọ́n tò sínú gíláàsì. Ara mi bù máṣọ. Ṣé bó ṣe yẹ ká ṣe òkú nìyẹn? Kí ló dé tí wọn ò sin wọ́n? (Ìyá Ìjọ)

ÌDÁHÙN: Màmá, ìbéèrè yìí ni mi ò lè fi ẹ̀rọ̀ dáhùn.

Murambi wà ní gúúsù Rùwáńdà. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ lọ́wọ́ ní 1994. Àwọn aláṣẹ àdúgbò ní kí àwọn Tutsi lọ síbẹ̀, pé ibẹ̀ ni ààbò wà. Wọ́n gé omi. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹrin ni wọ́n yí wọn ká tí wọ́n pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n hú òkú jáde lẹ́yìn náà, wọ́n fi ẹfun pa ọgọ́rùn-ún mélòó kan lára, wọ́n sì tẹ́ wọn sórí tábìlì pákó nínú kíláàsì. Mo wọ kíláàsì kan. Funfun ni wọ́n, bí ère. Ẹnì kan gbé apá bo ojú. Mo jáde, mi ò wọ èkejì.

Ọmọ Yorùbá ni mí, wọ́n sì tọ́ mi pé ìyà tó tóbi jù fún òkú ni kó má rí ilẹ̀. Nítorí náà, ọkàn mi kọ́kọ́ bá tiyín lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà lára àwọn tó là á já tí wọ́n ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí wọn ò sì ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn apànìyàn ṣì wà láyé, àwọn kan ń kọ̀wé ní òkè òkun pé irọ́ ni, pé ogun lásán ni, pé kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n pa ẹbí rẹ̀ tán, tí wọ́n tún sọ fún un pé kò ṣẹlẹ̀, kí ló kù fún un láti fi hàn? Àwọn mìíràn wà, tí wọ́n jẹ́ ọlọ́fọ̀ bákan náà, tí wọ́n ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí àwọn sin ìyá àwọn.

Èrò tèmi rèé. Kí wọ́n sin wọ́n. Bí àwọn ọlọ́fọ̀ ibì kan bá fọwọ́ sí i pé kí díẹ̀ wà nílẹ̀ fún ẹ̀rí, kí ó wà, ṣùgbọ́n kí a máa bi wọ́n padà lọ́dún díẹ̀ síra, nítorí ọkàn ènìyàn ń yí. Kí ẹnikẹ́ni má sì ya fọ́tò wọn kó gbé e sórí fóònù. Ẹ sọ fún ọmọ yín bẹ́ẹ̀, mà.

Ẹ̀rí sì wà tí kì í ṣe eegun. Ní Nyamata, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní àárín oṣù kẹrin, aṣọ àwọn òkú ni wọ́n kó lé àwọn bẹ́ǹṣì láti ibi pẹpẹ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti di àwọ̀ kan náà, àwọ̀ ilẹ̀. Mo dúró pẹ́ kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n sọ́tọ̀: gáù kan, súwẹ́tà ọmọdé tí wọ́n hun lọ́wọ́, bọ́tìnì rẹ̀ méjì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbójú sókè. Gírínéèdì tí wọ́n jù wọlé ti lu páànù, ihò wẹ́wẹ́ kún òrùlé, oòrùn sì ń gba ibẹ̀ wọlé sórí aṣọ wọ̀nyẹn, bíńtín bíńtín. Mi ò nílò agbárí kankan mọ́ láti gbàgbọ́.

Aṣọ náà ń jẹrà o. Eruku, ìkán, ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́. Títọ́jú rẹ̀ gba ìmọ̀ àti owó lọ́dọọdún, ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba kì í kọ sínú ètò ìnáwó nígbà tí wọ́n bá ń ya ilé. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, UNESCO fi Nyamata, Murambi, Gisozi àti Bisesero sínú àkójọ ogún àgbáyé. Mo yọ̀ sí i, nítorí ó túbọ̀ di dandan fún Rùwáńdà láti máa tọ́jú àwọn ibi wọ̀nyí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ pẹ̀lẹ́ o mà. Bíríkìlà ni mí, mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ yìí fún mi, ohun èlò wo ni kí n lò tí kò ní í bàjẹ́? (Ọ̀gá Bíríkìlà)

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá mi, ẹ̀yin mọ̀ nípa kọnkéré jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí ohun èlò ti wá kí ẹ tó béèrè bó ṣe lágbára tó.

Ní Berlin, olú ìlú Jámánì, wọ́n kọ́ ibi ìrántí fún àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù tí ìjọba Hitler pa. Òpó kọnkéré 2,711 ni, tí Peter Eisenman ya àwòrán rẹ̀. Ọdún 1988 ni àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún un. Ìgbìmọ̀ aṣòfin kò dìbò sí i títí di 1999. 2003 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ti ń lọ, ẹnì kan ṣàkíyèsí pé oògùn tí wọ́n ń kùn sára òpó kí àwọn ọmọ ìta má bàa kọ ìkọkúkọ sí i lára, ilé iṣẹ́ Degussa ló ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ kan tí Degussa ní ìpín nínú rẹ̀ láyé ìgbà Hitler ló sì ṣe Zyklon B, gáàsì tí wọ́n fi pa àwọn Júù. Iṣẹ́ dúró. Ìjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ibi ìrántí náà ní kí iṣẹ́ tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ilé iṣẹ́ yẹn, wọ́n sì ṣí ibi ìrántí náà ní oṣù karùn-ún 2005. Àwọn kan gbà pé ó tọ́, nítorí Jámánì tòní ò lè díbọ́n pé òun kọ́ ni Jámánì àná. Mi ò gbà. Ṣùgbọ́n ìjiyàn náà fúnra rẹ̀ wúlò, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ti wádìí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ìtìjú yẹn ì bá má wáyé.

Ohun kan tún wà ní Berlin kan náà, kò jìnnà sí àwọn òpó yẹn, tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin oníṣẹ́ mọ̀. Ibi ìrántí àwọn Sinti àti Roma ni, ẹ̀yà tí ìjọba Hitler pa bákan náà, tí Dani Karavan ya, tí wọ́n ṣí ní 2012. Adágún omi dúdú róbótó kan, òkúta onígun mẹ́ta kan láàárín rẹ̀. Lójoojúmọ́, òkúta náà á wọlẹ̀ sínú omi, á sì jáde padà pẹ̀lú òdòdó tútù lórí rẹ̀. Ẹni tó yà á ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, gbogbo ayé á rí i. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe gbogbo ohun tó dára ló yẹ kó máa dá dúró fúnra rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mà, ẹ kọ̀wé pé ògiri orúkọ ní Gisozi kò tíì kún. Kí ló fà á? Ṣé ìjọba ò ní àkọsílẹ̀ ni? (Akọ̀wé ilé iṣẹ́ ìjọba)

ÌDÁHÙN: Àkọsílẹ̀ wà. Àkọsílẹ̀ ìjọba ló tilẹ̀ kọ ẹ̀yà sínú káàdì ìdánimọ̀, tí àwọn apànìyàn fi ń ṣa ènìyàn lójú ọ̀nà. Ohun tí ò sí ni ẹni tó máa sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi ni". Ibòmíràn wà tí wọ́n pa bàbá, ìyá, ọmọ, àbúrò, títí kan aládùúgbò tó mọ̀ wọ́n. Ta ló fẹ́ wá dárúkọ wọn?

Nǹkan kejì ni bí wọ́n ṣe ń jẹ́ orúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa yé àwa Yorùbá, nítorí àwọn náà ń wo ilé kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ. Uwimana, ti Ọlọ́run. Habimana, Ọlọ́run ń bẹ. Orúkọ gidi ni, ṣùgbọ́n àìmọye ènìyàn ló ń jẹ́ ẹ. Lọ́nà ìbílẹ̀ wọn, àwọn ọmọ ìyá kan náà kì í jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà. Orúkọ tirẹ̀ ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Bí ẹ bá wá to ògiri ní ABD, bí a ṣe máa ń ṣe nínú fáìlì, ẹ ti tú ẹbí ká. Bàbá á wà lápá òsì, ìyá lápá ọ̀tún, àwọn ọmọ káàkiri àárín. Ẹni tó wá kí wọn á máa sáré kiri ògiri. Mo rò pé kí wọ́n kọ wọ́n ní agboolé agboolé, bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀, kódà bí ó bá tilẹ̀ gba ọdún púpọ̀ sí i láti wádìí.

Wọn á sì máa bá ohun tó ju èyí lọ pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tí mo sọ nípa rẹ̀ lókè, ọmọbìnrin ẹ̀yìn kíláàsì, ló sọ èyí fún mi ní ọjọ́ tí mo ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti máa bọ̀ nílé. Ní Rùwáńdà, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń sọmọ lórúkọ nínú àṣà àtijọ́, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ó ní àǹtí òun bí ọmọ kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin ọdún yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà lò. Ó bi mí pé kí ni kí wọ́n kọ sí ara ògiri fún un.

Mi ò lè dáhùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà bá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó bá mi dé ilé. Èsì tí mo kọ ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn oṣù kan ni mo kọ fún ẹ̀yin náà: ẹ kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀, "àti ọmọ rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta". Kí ẹni tó ń gbẹ́ òkúta má sì jẹ́ kí lẹ́tà ìlà yẹn kéré ju ti àwọn yòókù lọ.